Akọ̀wé Ìjọ Lọ Kọ́ Java

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Susannah Adétọ́lá ti fi ṣe akọ̀wé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní Iléṣà kí ọ̀rọ̀ ìwé ìrìbọmi tó sú u. Iṣẹ́ náà kò le fún un. Òun ló ń tẹ ètò ìsìn ọjọ́ Àìkú, òun ló ń dáhùn lẹ́tà, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì wà. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń mú un mí kanlẹ̀ ni kí àlejò yọjú láti ọ̀nà jíjìn, kí ó ní òun fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun, tàbí ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún bàbá òun. Ìwé ìrìbọmi mẹ́fà ló wà nínú àpótí onírin lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ti gbẹ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ikán sì ti tọ́ èèpo rẹ̀ wò. Susannah á fi gèlè di imú, á máa ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, á máa sín.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, obìnrin kan wá láti Ìbàdàn nítorí ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sùn sílé àwọn ẹbí rẹ̀ kí Susannah tó rí orúkọ rẹ̀, nítorí pé ẹni tó kọ ìwé nígbà náà ti kọ orúkọ bàbá sí ibi tó yẹ kó kọ orúkọ ọmọ sí. Obìnrin náà kò bínú rárá. Ó dúpẹ́, ó fún un ní búrẹ́dì méjì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọpẹ́ yẹn dun Susannah ju kó bú u lọ.

Ó sọ ọ́ fún Tèmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Tèmi ní kí ó kó gbogbo orúkọ náà sínú kọ̀ǹpútà, kí ó sì wá ẹni tí yóò kọ ètò tí yóò máa wá wọn jáde. Susannah bi í pé kí ló dé tí òun fúnra òun kò fi lè kọ ọ́. Tèmi ní òun kò rí ìdí kankan. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi láptọ́ọ̀pù rẹ̀ àtijọ́ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Dàda Estate, ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Java, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lọ́jọ́ Sátidé.

Bí obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ṣe di ọmọ ilé-ìwé nìyẹn. Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, á wọ mọ́tò ní Iléṣà, á sọ̀ ní Òṣogbo, á wá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Dàda. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n, kò sì sí ìkankan nínú àwọn mẹ́jọ yòókù tí Susannah kò lè bí lọ́mọ. Olùkọ́ wọn náà kò dàgbà. Zulkifli ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Lọ́jọ́ tí Susannah kọ́kọ́ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí i, ó pè é ní Mummy, ó sì gbé àga fún un síbi tí fáànù ti ń fẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Susannah pè é ní Tíṣà, tó sì ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa pe òun ní Zulkifli. Susannah ní níbi tí wọ́n ti tọ́ òun, ẹni tó bá dúró níwájú pátákó, Tíṣà ni, ì báà jẹ́ pé àná ni wọ́n bí i. Wọ́n jọ ṣe àdéhùn sí i: nínú kíláàsì, Tíṣà ni, bí wọ́n bá ti jáde síta, ó di Zulkifli, ó sì lè rán an lọ ra omi.

Ohun tí wọ́n ń lò ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní NetBeans, èyí tí ènìyàn fi ń kọ ètò mìíràn. Bí èèyàn bá ṣí i, á rí fọ́ọ̀mù òfìfo ní àárín, á sì rí àwọn nǹkan tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pàtẹ ọjà: bọ́tìnnì, àpótí tí wọ́n ń kọ̀wé sí, àkọlé, àti tábìlì onílà. Èyí tó bá wu èèyàn ni yóò fi máòsì dì mú, yóò wọ́ ọ lọ sórí fọ́ọ̀mù, yóò sì jù ú síbẹ̀. Èyí dùn mọ́ Susannah púpọ̀. Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ti to bọ́tìnnì mẹ́tàdínlógún sórí fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé, ó sì kọ nǹkan sára wọn. Ó wá tẹ ọ̀kan. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tẹ èkejì àti ẹ̀kẹta. Ó nawọ́ sókè, ó ní láptọ́ọ̀pù òun ti bàjẹ́.

Zulkifli wá, ó wò ó, kò sì rẹ́rìn-ín.

“Mummy, bọ́tìnnì ò mọ nǹkan kan,” ló sọ. “Bí agogo ilé-ìwé ló ṣe rí. Agogo ò mọ̀ bóyá àkókò eré ni tàbí àkókò ilé. Àwọn ọmọ ló mọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.”

Ó fi máòsì tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀mejì, ojú kọ̀ǹpútà sì yí padà. Fọ́ọ̀mù tó dára lọ, ìlà kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ló gba gbogbo ibẹ̀. Ó rí lójú Susannah bí ìgbà tí èèyàn bá yí agbádá tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà sí láyà padà, tó wá rí gbogbo òwú àti ìdí òwú tó wà nínú. Inú ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe ẹ̀yìn òde.

Ó pẹ́ kí ó tó mọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá gbàgbé àmì kékeré tó yẹ kó parí ìlà, ìlà pupa á yọ lábẹ́ rẹ̀, á sì fi wákàtí kan wá ohun tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é yọrí, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló fi sórí fọ́ọ̀mù. Ó tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ sì jáde pé “Ẹ káàárọ̀ mà.” Susannah dá a lóhùn pé, “Káàárọ̀ o, ọmọ mi.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì bá wọn rín in.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, ètò ìwé ìrìbọmi ti ń ní ojú àti imú. Àpótí orúkọ wà níbẹ̀, àpótí orúkọ bàbá wà níbẹ̀, mẹ́ta kéékèèké sì wà fún ọdún, oṣù àti ọjọ́ ìbí. Bọ́tìnnì kan wà tó ń wá ènìyàn, èkejì sì wà tó ń to orúkọ láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Zulkifli ti kìlọ̀ fún un pé ọdún ni kí ó fi ṣáájú nígbà tó bá ń so ọjọ́ ìbí pọ̀, kí títò náà lè lọ déédéé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dán an wò pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, tirẹ̀, àti ti Tèmi, wọ́n sì jáde lẹ́sẹẹsẹ bí ó ṣe yẹ. Ó gbà pé ó ti parí nìyẹn.

Ó kó àwọn ìwé náà síta, ó sá wọn sóòrùn, ó gbọn erùpẹ̀ ikán kúrò lára wọn. Orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń tẹ̀ lóòjọ́, lẹ́yìn tó bá ti parí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, ẹgbẹ̀fà orúkọ ó lé díẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ. Arákùnrin kan wá béèrè ọjọ́ ìbí bàbá rẹ̀. Àga tí Susannah fi hàn án ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó lé tí ìdáhùn ti jáde. Arákùnrin náà jókòó síbẹ̀, kò mọ ohun tí yóò fi àkókò tó kù ṣe.

Ìròyìn dé etí Ẹni Ọ̀wọ̀ Adéjọbí, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó ń bójú tó ìjọ náà. Ó ní nígbà tó ti rí bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ ìkórè tó ń bọ̀, kí ìjọ bu ọlá fún gbogbo ẹni tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún. Wọn yóò máa pè wọ́n láti orí ẹni tó dàgbà jù, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì gba ìwé orin tuntun tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Susannah tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, orúkọ mẹ́tàlélógún sì tò kalẹ̀. Orúkọ nìkan ló tẹ̀ sórí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, kò fi ọjọ́ ìbí sí i, nítorí pé àwọn ìyá méjì kan ti wá sí ọ́fíìsì wá sọ fún un pé àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ ọdún àwọn mọ́ ògiri.

Ní ọjọ́ ìkórè náà, ẹni kẹsàn-án tí wọ́n pè ni Bàbá Cornelius Awóníyì. Ẹni kẹwàá ni Bàbá Micah Fákúnlé.

Ariwo ẹ̀rín ta nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Abúlé kan náà lẹ́yìn Iléṣà ni wọ́n ti dàgbà. Kòkó ni àwọn ará ilé Awóníyì ń gbìn, obì ni ti ilé Fákúnlé. Ọdún 1943 ni wọ́n bí wọn, wọ́n sì fẹnu kò lórí ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni ẹni tó ṣáájú. Bàbá Fákúnlé ní ìyá òun sọ fún òun pé òun ti ń dá jókòó lọ́jọ́ tí wọ́n bí Cornelius. Bàbá Awóníyì ní ìyá tòun kò sọ irú rẹ̀ fún òun rí. Akọ̀wé tó wà ṣáájú Susannah ti sọ fún wọn pé ikán ti jẹ ìwé ọdún yẹn, kò sì sí ẹni tó wò ó mọ́. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti di ohun tí gbogbo ìjọ fi ń ṣàwàdà.

Bàbá Awóníyì dìde, ó yíjú sí ìjọ, ó ṣí fìlà rẹ̀ sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí wọ́n pe Bàbá Fákúnlé, ó jáde, ó gba ìwé orin rẹ̀, ó padà sí àyè rẹ̀, kò sì gbé orí sókè mọ́ títí ìsìn fi parí.

Bàbá Awóníyì gbádùn àgbà tó jẹ yìí gan-an. Bí ìsìn ṣe parí, ó na ìwé orin rẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e délé. Ní àárín ọ̀sẹ̀, á dúró ní ìta ilé rẹ̀, á pè é láti òdìkejì títì, á béèrè ohun tí àbúrò òun jẹ. Àwọn ará àdúgbò ń rẹ́rìn-ín, kò sì rí i pé Micah kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Àìkú kejì, Bàbá Fákúnlé lọ jókòó sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ní ìkẹta, kò wá.

Susannah mú ìwé ètò ìsìn, ó lọ kí i ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ó bá a lórí ìjókòó níwájú ilé, ó ń ṣa obì sínú agbọ̀n, ó ń yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀. Ó béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá. Baba ní ara òun le. Ó ṣa obì bíi mẹ́rin sí i kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Susannah, mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ló fà mí lọ́wọ́ lọ sílé wọn, ó ní, ‘Àbúrò rẹ nìyí, ìwọ ni kó o máa ṣọ́ ọ.’ Ó kéré lára nígbà yẹn. Èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n kọjá odò tá a bá ń lọ sílé-ìwé. Tí ẹran bá kàn wá, mo máa ń fi èyí tó tóbi sílẹ̀ fún un. Nígbà tó ṣubú lórí igi, tí apá rẹ̀ kán, oṣù mẹ́ta ni mo fi ro oko tiẹ̀ mọ́ tèmi. Mi ò ka ìkankan sí nǹkan, torí pé àbúrò mi ni. Wọ́n wá ní èmi ni àbúrò. Ṣé ìyá mi ló wá purọ́ fún mi ni?”

Susannah dìde. Ó kí i, ó padà sí ọ́fíìsì, ó tan láptọ́ọ̀pù. Ó wá orúkọ Micah Fákúnlé. Fọ́ọ̀mù ṣí: ọdún 1943, oṣù 2, ọjọ́ 14. Ó wá Cornelius Awóníyì: ọdún 1943, oṣù 10, ọjọ́ 3. Ó ka oṣù náà lórí ìka ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ jẹ́léósinmi. Ó ṣí àpótí onírin, ó gbé ìwé náà fúnra rẹ̀ jáde, ó sì bá ohun kan náà nínú rẹ̀, pẹ̀lú yíǹkì tó ti di àwọ̀ ilẹ̀. Fákúnlé fi oṣù méje ó lé dàgbà ju Awóníyì lọ. Àmọ́ nígbà tó tẹ bọ́tìnnì tó ń to orúkọ, Awóníyì ló tún jáde ṣáájú. Ó dàbí ẹni pé ó ti sọ ohun tí kò dára sí baba yẹn lójú gbogbo ìjọ.

Kò dúró de Sátidé. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Zulkifli ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó dé. Ó gbé oúnjẹ tì, ó ní kí ó fi han òun. Susannah fi han án. Ó wo kóòdù náà fún ìgbà díẹ̀, ó rí ibi tí àṣìṣe wà, Susannah sì mọ̀ pé ó ti rí i, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan nǹkan.

“Mummy, kí lẹ pe ọjọ́ ìbí níbí yìí?”

Ó wo ibi tó nawọ́ sí. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé String.

“Ọ̀rọ̀,” ló dáhùn. “Mo pè é ní ọ̀rọ̀.”

“Báwo ni wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀?”

Susannah ronú sí àwọn ìwé atúmọ̀ èdè. Lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n fi ń tò ó. Ó wo 1943-10-3, ó wo 1943-2-14. Ọdún bá ara wọn mu. Lẹ́yìn ọdún, ti Awóníyì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, ti Fákúnlé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2. Ẹ̀rọ náà rí 1, ó ní 1 ló ṣáájú 2, kò sì wo òdo tó tẹ̀ lé e.

“Ṣé kò mọ̀ pé mẹ́wàá ni?” ló béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ ìdáhùn.

“Ẹ ò sọ fún un pé nọ́ńbà ni, Mummy, ká má tíì wá sọ pé ọjọ́ ni.”

Ó wá ṣàlàyé pé Java ní ohun tirẹ̀ fún ọjọ́, LocalDate, èyí tó mọ oṣù, tó mọ ọdún, tó sì mọ ẹni tó ṣáájú ẹni. Susannah yí String náà padà. Bó ṣe yí i padà, ìlà pupa yọ káàkiri kóòdù rẹ̀ bí ìléròrò lára ọmọ nígbà ooru, nítorí pé ibi mẹ́rìnlá mìíràn ló ti ń lo ọjọ́ ìbí bí ọ̀rọ̀. Zulkifli gbé oúnjẹ rẹ̀, ó lọ jókòó sí òdìkejì yàrá. Nígbà tí Susannah bá há, á béèrè. Nígbà tí kò bá há, Zulkifli kò dá sí i. Ó tún wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí pupa ìkẹyìn fi lọ. Ó tẹ bọ́tìnnì. Micah Fákúnlé jáde ní ẹ̀kẹsàn-án, Cornelius Awóníyì ní ẹ̀kẹwàá. Ènìyàn mẹ́rin mìíràn náà ti kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

“Ó tún kù kan,” ni Zulkifli sọ. “Nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò, orúkọ mélòó lẹ lò?”

Mẹ́ta ni, ọdún wọn kò sì bára mu. Susannah jókòó, ó sì kọ orúkọ ogún ènìyàn tí kò sí láyé, tí wọ́n bí gbogbo wọn ní ọdún kan náà, ó fi wọ́n dán an wò kí ó tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ó di Zulkifli padà, ó sì rán an lọ ra omi.

Ẹni Ọ̀wọ̀ Adéjọbí fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n rọra yí ìwé tó wà lára ògiri padà, pé àwọn baba náà ti dàgbà, kí wọ́n má tún dá ìjà mìíràn sílẹ̀ láàárín wọn. Susannah ní òun ti rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọkàn òun kò sì gbà á.

“Gbangba la ti pe àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n, sà. Gbangba náà ni mo fẹ́ ti sọ ọ́ pé èmi ni mo ṣì í ṣe.”

Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ó bá Bàbá Awóníyì lójijì. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó fi aṣọ mímọ́ wé ìwé ìrìbọmi náà, ó gbé e lọ sílé rẹ̀, ó sì ṣí i fún un. Baba wọ awò rẹ̀. Ó ka orúkọ tirẹ̀, ó ka ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tún padà ka tirẹ̀. Ó béèrè bí Micah ṣe gba ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ ìkórè. Susannah sọ ohun tí Bàbá Fákúnlé sọ fún un, láti orí pípọ̀n kọjá odò títí dé orí oko. Bàbá Awóníyì bọ́ awò rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó sì pẹ́ kí ó tó dá awò náà padà sójú.

“Láti ọjọ́ yìí wá, mo rò pé torí pé ó lágbára jù mí lọ ló ṣe ń pọ̀n mí,” ló sọ.

Ó bẹ Susannah pé kí ó má tíì sọ fún Micah, pé òun ni yóò mú un wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Kò sì yẹ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ Àìkú, orin kejì ni ìjọ ń kọ nígbà tí àwọn méjèèjì wọlé, tí Bàbá Awóníyì sì kó ìwé orin méjì sí abíyá kan. Wọ́n jókòó síbi tí wọ́n ti ń jókòó láti ìgbà èwe. Lẹ́yìn ìfilọ̀, Susannah dìde. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ká ìwé náà sápò, ó sọ ọ́ bó ṣe wá sí i lẹ́nu. Ó ní kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe, ohun tí òun kọ́ ẹ̀rọ ló ṣe. Ó ní òun pe ọjọ́ ìbí ní ọ̀rọ̀, òun kò sì dán an wò tó. Ó ka àwọn orúkọ náà bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ̀ léra, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo àwọn tí òun ṣì pè, ní pàtàkì Bàbá Micah Fákúnlé.

Nígbà náà ni Bàbá Awóníyì dìde ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó gbé e sórí àga, ó di ẹ̀yìn ìjókòó mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ gbà.

Bàbá Fákúnlé gbá a lápá mú. “Cornelius, dìde. Orúnkún rẹ.”

“Ẹ jẹ́ kí n kí yín, ẹ̀gbọ́n.”

Kò sí ẹni tó gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìwọ ni wọ́n ti ń pe ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bàbá Fákúnlé fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ sókè, ó sì mú un jókòó, kò sì fi apá náà sílẹ̀ títí wọ́n fi gba ọrẹ. Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn wọn ń nu ojú, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Awóníyì kò fẹ́ fi ìwọ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n jí bí, ẹ̀gbọ́n jẹun bí, ṣé ẹ fẹ́ kí n bá yín gbé agbọ̀n yín. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi sú Bàbá Fákúnlé. Ó wá bẹ Susannah pé kí ó bá òun bẹ Cornelius, kí ó padà sí bí ó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, pé bí ó bá ń fi ẹ̀yin pe òun, ó ń ṣe òun bíi pé àlejò ni òun wà pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ló gbé e wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Ó jókòó ti Susannah, ó ní kí ó fi òun han òun nínú ẹ̀rọ yẹn. Susannah ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Baba wò ó, ó rí orúkọ ara rẹ̀, ó rí ti bàbá rẹ̀, ó rí ọjọ́ ìbí. Ó béèrè ibi tí orúkọ ìyá òun wà.

Kò sí níbẹ̀. Ó wà nínú ìwé, wọ́n kọ ti gbogbo ìyá sínú ìwé, ṣùgbọ́n Susannah ti yọ ọ́ kúrò nítorí pé kò fẹ́ kí fọ́ọ̀mù gùn jù. Ojú tì í bó ṣe ń sọ ọ́. Susannah fa láptọ́ọ̀pù mọ́ra, ó ṣí NetBeans, ó sì lọ sí ibi tí fọ́ọ̀mù ti wà bí àwòrán. Lójú baba, ó mú àkọlé kan láti ẹ̀gbẹ́, ó wọ́ ọ wá sí abẹ́ orúkọ bàbá, ó kọ “Orúkọ ìyá” sí i. Ó mú àpótí ìkọ̀wé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọ ohun tó yẹ ní kíkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, pupa méjì yọ, ó pa méjèèjì rẹ́. Ìdajì wákàtí ló gbà á. Baba jókòó tì í ní gbogbo àkókò náà, kò sì sún.

Nígbà tó parí, ó ṣí fọ́ọ̀mù Micah Fákúnlé padà, ó sì béèrè orúkọ ìyá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé wà níwájú òun.

“Dọ́káàsì,” ni baba sọ. Ó wò ó títí ó fi tẹ lẹ́tà ìkẹyìn.

Lẹ́yìn tí baba lọ, Susannah wo iye tó kù. Ìyá ẹgbẹ̀fà ọmọ ó lé díẹ̀ ló wà nínú ìwé mẹ́fà náà, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó tíì wọ inú ẹ̀rọ àyàfi Dọ́káàsì. Ó pe Tèmi lórí fóònù pé kí ó wá lo ìsinmi rẹ̀ ní Iléṣà. Ó gbé ìwé àkọ́kọ́ sórí tábìlì, ó fi gèlè di imú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.